Ẹ̀rọ Tó Ń Di Ọkọ̀ Mú Kó Má Yọ̀, àti Bọ́tìnnì Tí A Fi Ń Pa Á

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú àwọn òṣìṣẹ́ bá ẹ̀ka wa sọ ní Ugbónlá, Ìlàjẹ

 

Ní ìpàdé tó kọjá, ẹ ní kí a wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ iná kan tó máa ń tàn níwájú awakọ̀, èyí tí àwòrán rẹ̀ dà bí ọkọ̀ tí ipa táyà rẹ̀ wọ́ kọ́rọkọ̀rọ lẹ́yìn rẹ̀, àti bọ́tìnnì tó bá iná náà rìn. Àwọn kan láàárín wa ní kí a máa pa á láàárọ̀ kí a tó gbéra, nítorí pé ó ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì. Àwọn mìíràn ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ń wá ikú. Ìhà méjèèjì ló ní ohun tí wọ́n rí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó rí i tán. Ọ̀rọ̀ náà sì ti kúrò ní ti awakọ̀ nìkan, nítorí owó oṣù ẹnì kan nínú wa fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. A ó dé ibẹ̀.

Ọmọ Ìlàjẹ ni wá, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí omi. Bí o bá ń tu ọkọ̀ kékeré lọ, tí ọkọ̀ náà ti ní eré nínú, tí o wá ki àjẹ̀ bọ omi ní apá òsì, tí o sì dì í mú ṣinṣin láìtu ú, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ọmọ ọdún mẹ́fà ní etí omi yìí mọ̀ ọ́n: imú ọkọ̀ yóò yí sí apá òsì. O kàn dá ẹ̀gbẹ́ kan dúró díẹ̀ ni, ẹ̀gbẹ́ kejì ń bá eré rẹ̀ lọ, ìyẹn ló sì yí imú ọkọ̀ padà. Ohun tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe fún ọkọ̀ orí ilẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń tẹ bíréèkì fún ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan ṣoṣo nínú mẹ́rin láti fi yí imú ọkọ̀ sí ibi tí awakọ̀ fẹ́. Ẹsẹ̀ wa kò lè ṣe é, nítorí pé bí a bá tẹ bíréèkì, gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀ la tẹ̀ ẹ́ fún.

Báwo ló ṣe ń mọ èyí tí yóò dì mú? Lẹ́bàá ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, sẹ́nsọ̀ kan wà tó ń ka bí ẹsẹ̀ náà ṣe ń yí sí. Òmíràn wà lára sítíárìn tó ń sọ ibi tí awakọ̀ darí sí. Òmíràn tún wà láàárín ara ọkọ̀, òun ló ń sọ bí ọkọ̀ náà ṣe ń yípo gan-an àti bí ó ṣe ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ń kó ìròyìn gbogbo wọn jọ. Ilé-iṣẹ́ Bosch ti ilẹ̀ Jámánì, tó ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí, sọ pé ìgbà 25 ni ti àwọn ń yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan: ṣé ibi tí awakọ̀ darí sí ni ọkọ̀ ń lọ? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò ní ṣe nǹkan kan. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi ojú inú wo kọ́nà tó yí sí apá òsì, tí òjò ti rọ̀ sí. Bí ìdí ọkọ̀ bá fẹ́ fò jáde síta, ẹ̀rọ náà yóò di ẹsẹ̀ iwájú apá ọ̀tún mú, kí imú ọkọ̀ lè padà. Bí ó bá jẹ́ pé imú ọkọ̀ ni ó kọ̀ tí kò fẹ́ yí, tó ń lọ tààrà sínú igbó, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn apá òsì ni yóò dì mú. Yóò sì dín agbára ẹ́ńjìnnì kù lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí awakọ̀ yóò fi sọ pé “Yéè!”, ó ti parí.

Ibi tí èrò náà ti jáde dùn mọ́ wa nínú, nítorí pé ọwọ́ òṣìṣẹ́ ló ti wá, kì í ṣe ọwọ́ ọ̀gá. Ní oṣù kejì ọdún 1989, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnjiníà kan tó ń bá Mercedes-Benz ṣiṣẹ́, Frank-Werner Mohn, ń dán ọkọ̀ wò ní ilẹ̀ Sweden nígbà òtútù. Ọkọ̀ yọ̀ lórí omi dídì, ó kó sínú kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Níbi tó ti ń retí àwọn tí yóò wá fà á jáde ló ti rò ó pé bíréèkì ABS ti ń mọ eré ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá tún lè mọ bí ara ọkọ̀ ṣe ń yípo, ṣé kò ní lè dá a padà ni? (ABS náà, Bosch àti Mercedes ló kọ́kọ́ gbé e jáde pọ̀ ní 1978.) Nígbà tí ó padà délé, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ra hẹlikópítà ìṣeré ọmọdé, wọ́n tú ohun tí ń jẹ́ kó dúró déédéé nínú afẹ́fẹ́ jáde, wọ́n sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Ohun ìṣeré ọmọdé o! Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tún un ṣe títí tó fi bọ́ sínú ọkọ̀ títà ní 1995. Ilé-iṣẹ́ Toyota náà gbé tirẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Japan lọ́dún kan náà.

Ọkọ̀ olówó ńlá nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi sí. Ohun tó mú un dé ara ọkọ̀ mẹ̀kúnnù ni ìtìjú kan tó bá Mercedes ní oṣù kẹwàá ọdún 1997. Ọkọ̀ wọn tuntun kékeré tí wọ́n ń pè ní A-Class dojú dé nígbà tí oníròyìn ilẹ̀ Sweden kan ń dán an wò. Ìdánwò náà ni pé kí awakọ̀ yà lójijì bí ẹni pé ẹranko ńlá sáré bọ́ sójú ọ̀nà, kí ó sì tún yà padà. Ilé-iṣẹ́ náà dá títà dúró, wọ́n sì fi ẹ̀rọ yìí sínú gbogbo A-Class, títí kan àwọn tí wọ́n ti tà. Ní 2007, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin pé gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tuntun gbọ́dọ̀ ní in, ó sì di dandan pátápátá fún ọkọ̀ ọdún 2012. Ilẹ̀ Yúróòpù náà sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọkọ̀ tuntun ní 2014. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà tó bá jẹ́ ti 2012 sókè, ì báà jẹ́ Corolla, Camry tàbí Sienna, ó ní in. Àwọn kan tó ṣáájú ìgbà náà ní in pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì Hiace àtijọ́ tí a ń wà kò ní in rárá, kí ẹnikẹ́ni má sì wá bọ́tìnnì kiri nínú wọn.

Orúkọ rẹ̀ kò dọ́gba. Toyota ń pè é ní VSC, Honda ní VSA, Mercedes àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Yúróòpù ní ESP. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Nígbà tí Amẹ́ríkà fẹ́ ṣe òfin tiwọn, àwọn tó ń bójú tó ààbò ojú pópó níbẹ̀ ṣírò pé yóò dín ìjàǹbá ọkọ̀ tó dá ara rẹ̀ ṣe láìkọlu ọkọ̀ mìíràn kù ní ìpín 34 nínú 100 fún ọkọ̀ kékeré, àti ìpín 59 fún jíìpù gíga. Ẹ̀yin tí ẹ sọ pé kí a máa pa á láàárọ̀, ẹ gbọ́ iye yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹ̀rọ yìí lè ṣe iṣẹ́ ìyanu. Gbogbo ohun tó ń ṣe, ara táyà ló ti ń ṣe é. Bí táyà bá ti jẹ tán tí kò lè di ilẹ̀ mú mọ́, kí ni bíréèkì fẹ́ dì mú? Bí omi bá dúró lórí ọ̀dà tí ọkọ̀ sì ń sá lọ ní 120, táyà yóò gun orí omi bí ọkọ̀ ojú omi, kọ̀ǹpútà kò sì ní àjẹ̀ tí yóò fi tù ú. Bí a bá di ẹrù àti àpò ẹja yíyan sórí ọkọ̀ títí ó fi ga ju ilé lọ, yóò fì, yóò sì ṣubú, ẹ̀rọ wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọ̀nà Ore sí Ṣàgámù mọ ohun tí a ń sọ. A tún ti rí ọkọ̀ tí táyà iwájú rẹ̀ jẹ́ oríṣi kan, tí tẹ̀yìn jẹ́ ìwọ̀n mìíràn, nítorí pé èyí tí fọ́kánáísà ní lọ́wọ́ ló tà. Èyí ń da sẹ́nsọ̀ láàmú, nítorí táyà kékeré ń yí kíákíá ju ńlá lọ, kọ̀ǹpútà á sì rò pé ọkọ̀ ń yọ̀ nígbà tí kò yọ̀.

Ó kù wa sí bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ méjì ló wà lábẹ́ bọ́tìnnì kan yìí, ibẹ̀ ni ó ti ń dojú rú mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Ìkíní ni èyí tí a ti ń sọ bọ̀, tó ń di ọkọ̀ mú ní kọ́nà. Èkejì ni èyí tí kì í jẹ́ kí táyà yí lásán nígbà tí a bá tẹná. TRAC tàbí TRC ni Toyota ń pè é. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan bá ń yí lásán nínú ẹrẹ̀, yóò dì í mú, yóò sì dín agbára ẹ́ńjìnnì kù. Lórí ọ̀dà tó tutù, oore ńlá ni. Nínú yanrìn jíjìn tàbí ẹrẹ̀ ilẹ̀ wa yìí, níbi tí ọ̀dà ti tán, ó lè di ìṣòro. Ẹ tẹná, ẹ́ńjìnnì kò dáhùn. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń rùn múù, ọkọ̀ jókòó síbẹ̀. Àwọn tó ní ó ń gba agbára ọkọ̀, ohun tí wọ́n rí nìyẹn, òótọ́ sì ni.

Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá rì, ẹ má tíì sáré sí bọ́tìnnì. Ẹ kọ́kọ́ rọra tẹná díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ náà ní títàn, nítorí ìgbà mìíràn wà tí ó jẹ́ pé bí ó ṣe di ẹsẹ̀ tó ń yí lásán mú, agbára á gba ti ẹsẹ̀ kejì tó ní ilẹ̀ lábẹ́, ọkọ̀ á sì jáde. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń kú mọ́ yín lẹ́sẹ̀, ìgbà náà ni kí ẹ pa á. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì náà lẹ́ẹ̀kan wéré, ẹ̀rọ kejì nìkan ni ó kú, ìyẹn sì tó fún ẹrẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ nígbà tí ọkọ̀ dúró, méjèèjì ló kú. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ tiyín, nítorí wọn kò dọ́gba. Lẹ́yìn náà, ẹ tọ́ sítíárìn gún, ẹ gbẹ́ ẹrẹ̀ iwájú táyà, ẹ fi pákó tàbí imọ̀ ọ̀pẹ sí i, ẹ sì máa sún ọkọ̀ síwájú sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi rí ilẹ̀ tẹ̀. Nínú yanrìn, ó dára kí a dín afẹ́fẹ́ táyà kù díẹ̀ kí ó lè fẹjú, ṣùgbọ́n kí a fẹ́ ẹ padà kí a tó sáré lórí ọ̀dà. Kí àwọn tó ń tì í má dúró sí ìdí táyà tó ń yí. Bí jíà ọkọ̀ bá jẹ́ ọtomátíìkì, ẹ má jẹ́ kí táyà yí lásán pẹ́, jíà yóò gbóná, owó àtúnṣe rẹ̀ kò sì kéré.

Bí ọkọ̀ bá ti jáde, kí ẹ tó kí ara yín kú oríire, ẹ tún tẹ bọ́tìnnì náà kí ó padà tàn. Kò sí ìdí kankan láti pa á lójú ọ̀nà ọlọ́dà, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, ì báà jẹ́ òjò. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú wọ́kíṣọ́ọ̀bù ilé-iṣẹ́, tiyín yàtọ̀: bí a bá gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ méjì sórí ẹ̀rọ tí a fi ń dán bíréèkì wò, méjì ń yí, méjì dúró, kọ̀ǹpútà á sì rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Ẹ pa á níbẹ̀ bí ìwé ọkọ̀ bá ṣe là á sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ló kù. Bí iná náà bá ń ṣẹ́jú bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, ó ń ṣiṣẹ́ ni. Ó ń sọ fún ọ pé ilẹ̀ ń yọ̀, rọra. Bí ó bá tàn tó dúró gbọin, tí iná tí wọ́n kọ OFF sí náà bá a tàn, ó lè jẹ́ pé awakọ̀ ló pa á, ó sì lè jẹ́ pé nǹkan bàjẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, bí ẹ́ńjìnnì bá ní àìsàn tí iná ẹ́ńjìnnì fi tàn, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni yóò pa ẹ̀rọ tó ń di ọkọ̀ mú, tí OFF yóò fi hàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan bọ́tìnnì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di ìyẹn mú.

Nítorí pé ní ilé-iṣẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ, bọ́ọ̀sì kékeré tó ń kó òṣìṣẹ́ yọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ òjò kan, ó bọ́ sí kòtò. Ọlọ́run ṣe é, ìfarapa díẹ̀ ni àwọn méjì ní. Máníjà wá síbẹ̀, ó rí OFF níwájú awakọ̀, ó ya àwòrán rẹ̀. Ó ní awakọ̀ ló mọ̀ọ́mọ̀ pa ẹ̀rọ ààbò, pé owó àtúnṣe yóò jáde láti inú owó oṣù rẹ̀. Wọ́n ti kọ lẹ́tà. Awakọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, bí ẹni tó jẹ̀bi.

Àwa aṣojú béèrè fún ìwé ìròyìn ọkọ̀, èyí tí awakọ̀ ń kọ ohun tó bá rí sí láràárọ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú ìjàǹbá náà ló ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé iná ẹ́ńjìnnì àti iná OFF tàn pọ̀, ó sì ń kọ ọ́ lójoojúmọ́ láti ìgbà náà. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. A ṣí ìwé tí ó bá ọkọ̀ náà wá, a sì fi han máníjà: bọ́tìnnì yẹn, bí a bá fi pa ẹ̀rọ, tí a sì pa ọkọ̀, tí a tún un tan, ẹ̀rọ yóò padà fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ń tan láràárọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, báwo ni ọwọ́ awakọ̀ ṣe lè jẹ́ kí OFF wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án? Rìwáyà yẹ̀ ẹ́ wò lójú gbogbo wa, ó bá wáyà kan lára ẹ́ńjìnnì tó ti já. Wọ́n dá lẹ́tà padà.

Ká tiẹ̀ ní awakọ̀ ló jẹ̀bi, máníjà kò ní àṣẹ láti dá a gé. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, Labour Act tí wọ́n ṣe ní 1974, sọ ní abala 5 pé bí agbanisíṣẹ́ bá fẹ́ yọ owó nínú owó oṣù nítorí ohun tí òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ bàjẹ́ tàbí tí ó fi àìbìkítà bàjẹ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Òfin kan náà tún sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ nínú oṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Ti àwọn méjì tó farapa, òfin Employees' Compensation Act ti 2010 ka ìfarapa láàárín ilé àti ibi iṣẹ́ mọ́ ìfarapa ẹnu iṣẹ́. Kí ẹni tó bá farapa sọ fún ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kí ọjọ́ 14 tó pé, kí ó sì mú ẹ̀dà ìwé náà wá fún wa.

Ohun tí ẹ̀ka ń béèrè lọ́wọ́ àwọn agbanisíṣẹ́ nísinsìnyí ni pé kí ìwé ọkọ̀ wà nínú ọkọ̀, kì í ṣe nínú dúrọ́ọ̀ máníjà. Àti pé awakọ̀ tó bá kọ iná tó ń tàn sílẹ̀, tí wọn kò sì tún ọkọ̀ ṣe, kí ó lè kọ̀ láti gbé òṣìṣẹ́ sínú rẹ̀ láìgba kúẹ́rì. Àwọn mìíràn ní kí rìwáyà kan yọ gílóòbù iná náà tàbí fíúùsì rẹ̀ kí ọkàn gbogbo ènìyàn lè balẹ̀. Ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀ ti ya ẹ̀rí ara rẹ̀ sínú iná. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, fíúùsì kan náà ló ń gbé bíréèkì ABS, yóò sì bá a lọ.

Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ fẹ́ fi ojú ara yín rí i, ẹ dúró lẹ́yìn ìpàdé yìí. Sienna kan wà níta pẹ̀lú ìwé rẹ̀, yanrìn sì wà lẹ́yìn gáréèjì tó pọ̀ tó fún un láti rì. Kí ẹni tó ní ṣọ́bìrì mú un wá.